Òkun, Iyanrìn àti Fọ́tò Dúdú-òun-Funfun

Fọ́tò dúdú-òun-funfun kì í gba àwọ̀ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń gbà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí á funfun, ibi tí kò bá dé á dúdú, èyí tó bá wà láàárín á rí bí eérú. Ní etí òkun tó bẹ̀rẹ̀ láti Aného ní ilẹ̀ Tógò, tó gba Ouidah àti Kútọnu kọjá, tó dé Àgbádárìgì, Èkó àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, irú fọ́tò yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kámẹ́rà ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Etí òkun náà kò ní òkè, kò sì ní àpáta. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, omi, iyanrìn àti ojú ọ̀run ni yóò rí, pẹ̀lú igi àgbọn díẹ̀ tí gbòǹgbò wọn ti yọ síta. Ẹni tó ń wò ó lè rò pé kò sí ohun tí kámẹ́rà lè bá níbẹ̀. Àwọn tó gbé kámẹ́rà lọ ti fi hàn pé ó wà, iṣẹ́ wọn sì ti di ẹ̀rí fún ilẹ̀ tí kò sí mọ́.

Etí òkun Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853. Apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, láti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ títí kọjá Lẹkí, jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Bí èèyàn bá kọjá ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, ní agbègbè Màhín, iyanrìn á tán, ẹrẹ̀ dúdú á bẹ̀rẹ̀. Nínú fọ́tò aláìláwọ̀, ibi méjèèjì yìí kò jọra rárá. Iyanrìn Èkó á mọ́lẹ̀ débi pé òjìji ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ á dúdú bí èédú. Ilẹ̀ Ìlàjẹ á ṣókùnkùn, omi tó dúró lójú ẹrẹ̀ nìkan ni yóò máa dán. Ìgbì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru, nítorí náà etí òkun yìí kì í dúró lójú kan. Nígbà ọyẹ́, láàárín Disẹ́ńbà àti Fẹ́búárì, eruku aṣálẹ̀ a máa bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní mọ ibi tí omi parí sí. Àwọ̀ búlúù tí fọ́tò aláwọ̀ gbára lé á pòórá. Fọ́tò dúdú-òun-funfun kò pàdánù ohun kan nínú ìyẹn, torí pé kò fọkàn tán búlúù tẹ́lẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ súnmọ́ ọ̀nà ìwòran yìí. Àwọ̀ mẹ́ta ló jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè náà: funfun, dúdú àti pupa. Aró tó kún, ewé tó tutù yọ̀yọ̀, omi tó jìn, abẹ́ dúdú ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá pe òkun ní dúdú kò ṣìnà. Iṣẹ́ ọwọ́ kan sì wà tó ti kọ́ ojú Yorùbá láti rí ayé nínú òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé gbogbo ìlú, ìyẹn àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀, funfun ni yóò kù. Nẹ́gẹ́tíìfù ń ṣe ohun tó jọ ọ́: ibi tó bá ṣú lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan pépà, ibẹ̀ ni yóò funfun nígbà tí wọ́n bá fọ fọ́tò tán. Aládìrẹ Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé gígùn kó tó mọ ohun tí ayàwòrán ń ṣe nínú yàrá òkùnkùn.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún aráyé ní ìlú Paris. Ojú omi ló gbà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ adúláwọ̀ sì tètè gbà á. Augustus Washington, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ṣí ilé fọ́tò sí Monrovia ní 1853. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ayàwòrán láti Freetown àti Accra bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú kan dé òmíràn, wọ́n á yá ilé fún oṣù díẹ̀, wọ́n á ya àwọn oníṣòwò àti àwọn olóyè, wọ́n á sì tún gbéra. Iṣẹ́ etí òkun ni iṣẹ́ náà jẹ́ kó tó wọ ilẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú Afijió tó wà nítòsí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀ ṣòro fún kámẹ́rà àkọ́kọ́. Àwo gíláàsì ayé ìgbà náà kì í rí ju búlúù lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ní búlúù nínú á tètè jó o. Bí ayàwòrán bá fún iyanrìn ní àkókò tó tó, ojú ọ̀run á ti di funfun báláú, ìkùukùu kankan kò ní hàn. Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n kan sí i láàárín 1856 sí 1858: ó ya òkun sórí nẹ́gẹ́tíìfù kan, ó ya ìkùukùu sórí òmíràn, ó sì fi méjèèjì fọ fọ́tò kan ṣoṣo. Àwọn ayàwòrán etí òkun wa kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ojú ọ̀run funfun báláú ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fọ́tò ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ àti èèyàn inú wọn fi dà bí ohun tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ pépà.

Lára àwọn tí orúkọ wọn kù ni Neils Walwin Holm, tó wá láti Gold Coast, tó ṣí ilé fọ́tò sí Èkó, tí wọ́n sì gbà sí ẹgbẹ́ Royal Photographic Society ní 1897. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny tí wọ́n bí ní 1873 tó sì kú ní 1905, kò pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ya Ọba Ovọnramwẹn ti Ìbíní nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó ní 1897, nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí ìgbèkùn. Nínú fọ́tò náà, ọba jókòó, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹyọ àwọ̀ kan níbẹ̀. Ní Lomé, Alex Acolatse, tó gbé ayé láti 1880 dé 1975, ló fi kámẹ́rà tẹ̀lé ìlú etí òkun kan láti abẹ́ ìjọba Jámánì dé abẹ́ ti Faransé.

Àárín àkókò yẹn ni iṣẹ́ kan wáyé ní Èkó tó yí ìtàn etí òkun náà padà. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òkìtì yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “bar”; ara rẹ̀ ni etí òkun Èkó tí wọ́n ń pè ní Bar Beach ti gba orúkọ. Ìjọba amúnisìn fi òkúta ńláńlá mọ ògiri sínú òkun láàárín 1908 sí 1912 láti dáàbò bo ọ̀nà ọkọ̀. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ìgbì ń gbé lọ sí ìlà-oòrùn kọlu ògiri náà, ó dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ wà, ń sanra. Bar Beach tó wà ní apá kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà wá ni gbogbo fọ́tò Bar Beach ti di àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ, yálà ẹni tó yà á mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tógò: lẹ́yìn tí èbúté Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, etí òkun tó lọ sí ọ̀nà Aného bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, ọ̀nà kan tó rinlẹ̀ ni wọ́n ń gbà ya èèyàn ní dúdú-òun-funfun. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: àgbà á jókòó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ á wà lórí orókún, aṣọ á balẹ̀, ojú kò ní rẹ́rìn-ín. Ó tún rí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan ti kú: ayàwòrán á fọ fọ́tò ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Irú ìjókòó àgbà yìí ló kún ara ògiri pálọ̀ ní àwọn ìlú Afijió bí Awẹ́, Ìlọrà àti Fìdítì, nínú férémù onígíláàsì. Nígbà tí ọmọ àwọn ìlú wọ̀nyí bá lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó sì dé Bar Beach ní ọjọ́ ọdún, ìdúró yẹn kan náà ló ń gbé lọ síbẹ̀: ẹsẹ̀ pọ̀, ojú kọ iwájú, òkun lẹ́yìn. Àwọn afọ́tò alárìnkiri ń dúró dè é lórí iyanrìn. Fún ìyá tó wà nílé tí kò rí òkun rí, fọ́tò tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni òkun.

Bar Beach kò mọ sórí ìgbádùn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè níbẹ̀ ní gbangba. Ìṣọ̀lá Oyènúsì ni orúkọ rẹ̀ tàn jù nínú wọn, ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1971 ni wọ́n sì pa á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá wòran. Àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, dúdú-òun-funfun sì ni ìwé ìròyìn ń tẹ̀ nígbà náà. Àwọn fọ́tò wọ̀nyí le wò: òpó, okùn, iyanrìn, ọ̀pọ̀ orí èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ kò pupa nínú wọn, ìyẹn kò sì dín ìbẹ̀rù wọn kù. Peter Obe ti Daily Times, tó ya ogun abẹ́lé náà, kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1971, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ agbára fọ́tò aláìláwọ̀ ní Nàìjíríà wá ìwé náà rí.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tí Yorùbá mọ̀ sí Fátúnmbí, mú fọ́tò dúdú-òun-funfun lọ sí òdìkejì omi. Ó dé Salvador ní Bahia ní 1946, ó kàwé Ifá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí ní Kétu ní 1953. Kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò, dúdú-òun-funfun ló sì fi ya púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé fọ́tò ará Dàhòmì lọ fún ará Bahia, ó ń gbé ti Bahia padà, kí àwọn tí òkun pín níyà lè rí ojú ara wọn. Àìsí àwọ̀ ràn án lọ́wọ́: láìsí pupa ilẹ̀ Kétu tàbí ọ̀dà ara ilé Bahia, ìdúró ọmọ òrìṣà níhìn-ín àti ti ọ̀hún di ọ̀kan náà lójú ẹni tó ń wò.

Láàárín 1970 sí 1990, ẹ̀rọ tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ láàárín wákàtí kan gba ìgboro. Yàrá òkùnkùn ti lẹ̀kùn níbi gbogbo. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nìkan ló ṣì ń mú àwọn kan jẹun. Ìgbà tí àwọn èèyàn ń sá fún dúdú-òun-funfun yìí gan-an ni ẹnì kan gbé e lọ sí Bar Beach.

Akinbode Akinbiyi ni ẹni náà. Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó ka ìwé lítíréṣọ̀ ní Ìbàdàn, Lancaster àti Heidelberg, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Berlin ló ń gbé, ṣùgbọ́n láti bí ogójì ọdún ló ti ń padà sí etí òkun Èkó láti ya àkójọ tó pè ní “Sea Never Dry”, gbólóhùn tí àwọn awakọ̀ máa ń kọ sára ọkọ̀: òkun kì í gbẹ. Kì í yára. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, fíìmù ló ń lò, Rolleiflex ló gbé kọ́rùn bíi ti Verger. Ẹni tó bá ń fi kámẹ́rà yìí yàwòrán kì í gbé e bo ojú; àyà ló ń gbé e sí, á sì tẹrí ba wo inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kíyè sí bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ayàwòrán tó tẹrí ba kò jọ ẹni tó na ìbọn síni.

Ohun tó rí níbẹ̀ kò sí nínú káàdì àwọn arìnrìn-àjò. Ó rí àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń gbàdúrà níwájú ìgbì, àwọn Kérúbù àti Séráfù tí ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925, àti àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947. Ó rí ẹṣin tí wọ́n ń gùn kiri fún owó, ọmọ tó ń ta nǹkan, ẹni tó dá dúró tó ń wo omi. Nínú fọ́tò aláwọ̀, agboòrùn ọlọ́tí àti bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa ni ojú á kọ́kọ́ lọ bá. Nínú ti Akinbiyi, aṣọ àdúrà àti fóòmù ìgbì ni ó funfun jù lọ, èyí ló sì mú kí àdúrà àti òkun dojú kọ ara wọn bí ẹgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dé àfihàn documenta 14 ní 2017 àti ilé àfihàn Gropius Bau ní Berlin ní 2020. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti yà ní etí òkun wa, kò sí èyí tó jinlẹ̀ tó o, torí pé ó padà lọ, ó tún padà lọ, títí iyanrìn tó ń tẹ̀ fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Hiroshi Sugimoto, ọmọ Japan, ti ń ya òkun káàkiri ayé láti 1980, omi nísàlẹ̀, òfuurufú lókè, láìsí ẹnì kan. Òkun tí kò ní ọjọ́ orí ni tirẹ̀. Ti Akinbiyi ní èèyàn, ó sì ní ọjọ́ orí.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀ ní irú ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ rò pé eérú ni ohun gbogbo. Bí ó bá rí iyanrìn àti fóòmù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, iyanrìn á dọ̀tí, ojú èèyàn á ṣú débi tí a kò ní dá a mọ̀. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin kún ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ sọ, tàbí kó wọn ojú ẹni tó fẹ́ yà nìkan. Gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè lẹ́nu lẹ́ǹsì á mú kí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ kí ìkùukùu lè yọ. Ti pupa á sọ ọ̀sán di bí ìrọ̀lẹ́. Nígbà ọyẹ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́, búlúù tí wọn ì bá dí kò sí. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ sára lẹ́ǹsì, iyanrìn ń wọ ibi tí fíìmù ń gbà yí. Nílé, omi ẹ̀rọ Èkó gbóná ju ìwọ̀n Celsius 20 tí ilé iṣẹ́ fíìmù ń sọ, ó sì lè mú kí ara fíìmù rọ̀. Yìnyín ni wọ́n ń fi tù ú. Omi òkun gan-an a máa tètè fọ oògùn kúrò lára fíìmù, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án kẹ́yìn, iyọ̀ tó kù á bà á jẹ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣeé gbójú fò. Fọ́tò dúdú-òun-funfun lè mú kí ohun òní jọ ti àná. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 tí wọ́n sì jùmọ̀ kọ́ láìsí tèmi-tìrẹ, ń dínkù lọ́dọọdún. Òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ. Bí wọ́n bá yà á láìláwọ̀, ẹni tó jìnnà lè rò pé ọ̀rọ̀ tó ti parí ni, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sùn níbẹ̀. Epo rọ̀bì tó ń dán lórí omi pẹ̀lú, fọ́tò aláwọ̀ ló ń fi í hàn bó ṣe yẹ. Ẹ̀sùn náà tọ́. Ohun tó lè wò ó ni ọjọ́: fọ́tò etí òkun tí kò ní ọdún àti orúkọ ibi lẹ́yìn ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Ní ti ìtọ́jú, dúdú-òun-funfun ló borí. Fàdákà ló di òjìji mú nínú rẹ̀, ó sì lè lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Fọ́tò aláwọ̀ 1970 àti 1980 ń pọ́n lọ nínú álúbọ́ọ̀mù, torí pé aró ló wà nínú rẹ̀, aró sì ń ṣá. Ọ̀tá fàdákà ni ọ̀rinrin: ewú á hù lójú nẹ́gẹ́tíìfù, á jẹ ẹ́. Nẹ́gẹ́tíìfù Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán Ìbíní tó kọ́ṣẹ́ l'Ékòó, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó kó wọn pa mọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ilé àkójọ Smithsonian ní Washington ní 2014. Ti ọ̀pọ̀ afọ́tò etí òkun ti dà nù pẹ̀lú pàǹtí.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2012, òkun bo etí omi Kúrámò l'Ékòó, ó gbé àwọn èèyàn lọ. Ṣáájú ìyẹn, láti 2009, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí Bar Beach láti kọ́ ìlú tuntun tó ń jẹ́ Eko Atlantic, pẹ̀lú ògiri kọnkéré tó dojú kọ ìgbì. Etí òkun tí àwọn aláṣọ funfun ti gbàdúrà, tí wọ́n ti pa Oyènúsì, tí ọmọ Awẹ́ ti dúró ya fọ́tò ọdún, ti di ìgboro. Inú fọ́tò nìkan ló kù sí. Ẹ yẹ inú àpótí àwọn àgbà wò kí ẹ tó da ohunkóhun nù. Bí fọ́tò Bar Beach bá wà níbẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì bi ìyá tàbí bàbá tó mọ̀ nígbà tó ṣì lè dáhùn.